Àgídìngbì: Ìlú Tí A Ń Gbé Àti Ìlú Tí Ọkàn Wa Wà

Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín lára pé ìrìn-àjò ọ̀nà jíjìn ni a máa ń ròyìn nínú ojú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, a kò rìn jìnnà. Àgídìngbì ni a lọ, ní Ìkẹjà, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ẹ̀ka ìjọ wa kan wà. Ohun tó sì gbé wa débẹ̀ kì í ṣe fàájì. Ìjà ni.

Ní ìpàdé àdúrà inú ilé ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀, ní alẹ́ Ọjọ́rú kan. Màmá kan wà nínú ìpàdé náà tí ọjọ́ orí wọn ti ń lọ sí 80, ọmọ Èkó gidi, ọmọ erékùṣù. A ń gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún àwọn àgbà lọ́wọ́ ni Màmá bá fi àwàdà sọ pé, "Ẹ̀mí mi á gùn, àmín. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá pé, ẹ má sin mí sínú igbó yìí o. Èkó ni kí ẹ gbé mi lọ." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Díákónì kan wà níbẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ bíbí Àgídìngbì ni wọ́n, ọmọ Àwórì, wọ́n sì ti lé ní 70 ọdún. Wọ́n ní, "Màmá, 1984 lẹ dé ibí. Ẹ kọ́lé síbí, ẹ tọ́mọ níbí, láti ibí lẹ ti gbé òkú ọkọ yín jáde. Ilé baba mi lẹ wá ń pè ní igbó?" Màmá ní igbó làwọn bá. Díákónì ní kí wọ́n padà síbi tí kì í ṣe igbó. Ọ̀rọ̀ di ariwo, àwọn ọmọdé tó ń ṣeré ní pálọ̀ dákẹ́ lójijì.

Òṣìṣẹ́ ìjọ kan dìde láti pẹ̀tù sí i. Ó ṣí Bíbélì sí Lúùkù 17:32, níbi tí Olúwa ti rán àwọn ọmọ-ẹ̀yìn létí aya Lọ́ọ̀tì, ó sì gba Màmá níyànjú pé kí wọ́n má bojú wẹ̀yìn mọ́, kí wọ́n má bàa di ọ̀wọ̀n iyọ̀. Màmá gbé báàgì wọn. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá tí ẹsẹ̀ wọn kò tẹ ìpàdé.

Kò yẹ kí a fi bò: òṣìṣẹ́ tó fa ọ̀rọ̀ aya Lọ́ọ̀tì yọ, ọ̀kan nínú àwa tí a ń kọ ìwé ìròyìn yìí ni. Olùṣọ́-àgùntàn gbọ́, wọ́n pè wá, wọ́n ní àwa tí a da omi nù ni kí a lọ pọn òmíràn wá. Wọ́n sì ní bí a bá débẹ̀, kí a kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rin ìlú náà kí a tó la ẹnu wa.

A wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Yábàá, a sọ̀ ní Ìkẹjà. Láti oṣù October 2024 ni ọkọ̀ náà ti ń kó èrò láàrin Agbádó àti Òyìngbò. Ṣùgbọ́n irin kì í ṣe àlejò ní ọ̀nà yẹn. Ní 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìddó, nígbà tó sì di 1901 reluwé ti ń ná Ìbàdàn. Òun ló sọ Agége di ilé obì. Àwọn àgbẹ̀ onígbàgbọ́ láti Èkó, tí J. K. Coker ti African Church jẹ́ aṣáájú wọn, gbin kòkó àti obì gbànja sí àgbègbè náà, ọkọ̀ ojú irin sì ń kó obì náà lọ sí ilẹ̀ Hausa. Ẹ kíyè sí i pé ará Èkó ni àwọn wọ̀nyẹn, orí ilẹ̀ Àwórì ni wọ́n sì ti dáko. Ọ̀rọ̀ àlejò àti onílé ní ìhà Ìkẹjà àti Agége ti pẹ́ kí Màmá wa tó kó ẹrù dé.

Láti Ìkẹjà a wọ dánfó dé Aláúsá, a sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní mọ ìgbà tí Aláúsá parí tí Àgídìngbì bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ti fi Sẹkitéríàtì sílẹ̀, ọ̀nà ńlá kan ló máa gbà ọ́, tí wọ́n fi orúkọ Alhaji Lateef Jakande pè, gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tó ṣe ìjọba láti 1979 títí di 1983, tó sì kú ní oṣù February 2021. Ọ̀nà yẹn ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ wà, èyí tí ìjọba rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1980. Ọ̀nà yẹn náà ni Cadbury wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Bournvita àti Tom Tom. Ní ọjọ́ tí a lọ, afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn kòkó wá bí ìgbà tí ìyá ń ro tíì lárọ̀ọ̀. Ọmọ kékeré kan tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ń fi ẹnu mu afẹ́fẹ́. A rẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀ ni òpópónà kéékèèké ti ya sí ọ̀tún àti òsì, ilé alájà méjì àti mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù onífóònù, obìnrin tó ń dín àkàrà, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀ṣì, àti ṣọ́ọ̀ṣì.

Díákónì pàdé wa ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Wọn kò kọ́kọ́ mẹ́nu kan ìjà. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi oko baba mi hàn yín," ni a bá tẹ̀lé wọn. A rìn dé ibì kan tí ọkọ̀ akẹ́rù wà lórí ìlà, wọ́n dúró, wọ́n fi ọ̀pá ọwọ́ wọn tọ́ka sí ilẹ̀ ọ̀dà. "Ẹ̀gẹ́ ló wà níbí. Igi obì mẹ́rin wà lọ́hùn-ún. Ẹ̀yìn ilé tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, odò la ti ń pọnmi, omi rẹ̀ tutù dé eyín." Odò náà ṣì wà, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Gọ́tà oníkọnkéré ni báyìí, ọ̀rá omi àti ike ló kún inú rẹ̀.

Wọ́n sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, Ìkẹjà kò sí lábẹ́ Èkó rárá. Ní 1954 ni wọ́n ya Èkó sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú ìjọba àpapọ̀, tí Ìkẹjà sì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn rí i pé ilẹ̀ wà ní Ìkẹjà, ojú irin wà, pápá ọkọ̀ òfurufú wà, èbúté Apápá kò sì jìnnà. Nítorí náà ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la àgbègbè iléeṣẹ́ ńlá síbẹ̀. Ní 27 May 1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ìkẹjà wọ inú rẹ̀, ó sì di olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà ní 1976. Ní kúkúrú, àwọn ará Àgídìngbì kò kó kúrò níbì kan. Ìlú ló kó wá bá wọn.

Díákónì rántí àwọn awọnlẹ̀ tó wá pẹ̀lú okùn àti òpó símẹ́ńtì kúkúrú. Wọ́n san owó irè oko fún baba wọn. Baba náà ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní owó igi obì lèyí, ilẹ̀ tí igi dúró lé ńkọ́? A kò ní dárúkọ ẹni tó gba ilẹ̀, nítorí kì í ṣe ẹjọ́ la wá dá. Àmọ́ ohun tí Díákónì sọ lẹ́yìn èyí kò kúrò létí wa títí a fi délé. Wọ́n ní, "Màmá ń ṣàárò ìlú tí wọ́n lè wọkọ̀ lọ wò. Ìlú tí èmi ń ṣàárò rẹ̀, abẹ́ ọ̀dà yìí ló wà. Mo dúró lórí ẹ̀, mi ò lè débẹ̀. Nígbà tẹ́nì kan bá wá pè é ní igbó, kí ni mo máa ṣe?"

A kò tíì ronú nípa rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ojú tí a fi ń wo onílé ni pé ó wà nílé, kò sọ nǹkan kan nù.

Wọ́n tún sọ ohun kan tó jẹ́ pé àwọn ọmọ Àwórì kì í pẹ́ sọ ọ́. Ìtàn ìbílẹ̀ wọn sọ pé Ògúnfúnminírè, tí wọ́n ń pè ní Olófin, jáde láti Ilé-Ifẹ̀, ó tẹ̀lé àwo kan tó ń léfòó lórí omi títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹ́rì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń jẹ́ Àwórì. Láti Ìṣẹ́rì ni wọ́n ti dé Ẹ̀bùté Mẹ́tta, Ìddó, àti erékùṣù Èkó fúnra rẹ̀. Àwọn olóyè Ìdẹ́jọ tí wọ́n ń dé fìlà funfun l'Ékòó, àwọn tó ni ilẹ̀, láti ìdílé Olófin ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ní 1921, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ga jù lọ ní London dá ẹjọ́ olóyè kan nínú wọn láre, Amodu Tijani Olúwa, nípa ilẹ̀ Apápá tí ìjọba gbà. Herbert Macaulay ló bá a lọ sí London. Díákónì wá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ náà. "Nítorí náà, Èkó tí Màmá ń pè ní ti wọn, ẹ bi wọ́n, ta ni wọ́n bá níbẹ̀?"

Ilé Màmá kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ibẹ̀. A kan ilẹ̀kùn, àwa nìkan, Díákónì padà sílé. A dọ̀bálẹ̀, àwọn arábìnrin wa kúnlẹ̀, a tọrọ àforíjì nípa ọ̀rọ̀ aya Lọ́ọ̀tì. Màmá kò tètè dáhùn. Wọ́n gbé mineral wá fún wa, wọ́n jókòó, wọ́n wá ní, "Ẹ ò mọ ohun tí mo fi sílẹ̀, ẹ wá fi iyọ̀ dẹ́rù bà mí."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Màmá nígbà tí wọ́n wó ilé baba wọn ní àárín Èkó, kò jìnnà sí Broad Street. Ẹ̀yin àgbà á rántí. LEDB ni gbogbo ènìyàn ń pe àjọ tó ṣe é, àjọ tí ìjọba ti dá sílẹ̀ láti 1928 nígbà tí àrùn eku ń pa ènìyàn l'Ékòó. Ní 1955 ni iṣẹ́ wíwó àárín Èkó bẹ̀rẹ̀, bíi 70 ékà ni wọ́n pète láti tún ṣe, kí olú-ìlú lè dára lójú àlejò kí òmìnira tó dé. Sùúrùlérè ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ilé tuntun ni, omi ẹ̀rọ wà, fèrèsé gbòòrò. Onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Marris, lọ bi àwọn tó kó lọ àti àwọn tó kù léèrè ọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé nípa rẹ̀ ní 1961. Ohun tó rí ni pé ilé dára, ṣùgbọ́n agbo ilé túká: àwọn tí wọ́n ń jẹun láti inú ìkòkò kan náà wá ń wọ bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó rí ara wọn, oníṣòwò pàdánù oníbàárà, iyálé sì di ti olúkúlùkù.

Màmá kò ka ìwé náà, wọ́n wà nínú rẹ̀. Ìyá baba wọn ń ta aṣọ ní iwájú ilé. Nígbà tí wọ́n dé Sùúrùlérè, ó gbé àga síta, ó jókòó láti àárọ̀ di alẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọdún kejì ló kú. Màmá sọ èyí láìsunkún, wọ́n kàn ń fi ọwọ́ nu orí tábìlì tí kò dọ̀tí.

Ní 1984 ni ọkọ wọn rí iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà, wọ́n sì ra ilẹ̀ ní Àgídìngbì. Màmá ní òótọ́ ni pé igbó wà níwájú ilé nígbà náà, ejò sì wà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ náà ti kógbá sílé tipẹ́. Èyí náà jẹ́ ìlú kan tó lọ, tí àwọn mìíràn ń ṣàárò: Ìkẹjà tí fèrè iléeṣẹ́ ń jí ènìyàn, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ń fi kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀ wọlé ní agogo mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ aṣọ ti kú. Dunlop ṣíwọ́ ṣíṣe táyà ní Ìkẹjà ní 2008. Ní Ọba Akran àti Orẹ́gùn, ọ̀pọ̀ ilé ìkẹ́rù àti gbọ̀ngàn ẹ̀rọ ti di ibi àpèjẹ, tàbí kí a sọ òótọ́ ara wa, ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ tiwa náà ń jọ́sìn níbi tí ẹ̀rọ ti ń hó rí. A máa ń dúpẹ́ fún ilé náà lọ́jọ́ Ìsinmi, ó sì tọ́ kí a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ níbẹ̀ lè wà lórí ìjókòó kẹta kí ó má lè ṣe àmín dé òpin.

Arákùnrin kan tó ń ya ilé ní ẹ̀yìn ilé Màmá bá wa dá sí ọ̀rọ̀ náà. Máròkó ni wọ́n bí i sí. Ní July 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ wó Máròkó pátápátá, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì tó bíi 300,000. Arákùnrin náà ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí ìlú tó ní orúkọ. Tèmi, bí mo bá sọ fún onídánfó pé kó gbé mi lọ sí Máròkó, á bi mí pé ibo nìyẹn." Ó sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó sì padà sídìí jẹnẹrétọ̀ tó ń tún ṣe.

Ìrọ̀lẹ́ ni a tó ránṣẹ́ pe Díákónì. Wọ́n wá, wọ́n jókòó sí ìkángun àga, fìlà wọn wà lọ́wọ́. A kò mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Màmá ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa. Wọ́n bi Díákónì pé, "Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní Àgídìngbì nílé ìyá mi?"

Ilé ìyá Màmá wà ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, lórí erékùṣù. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí inú ìtàn yìí ni ìjà náà ti já. Ní oṣù December 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ọ̀sà Èkó láti yọ Ọba Kòsọ́kọ́, kí wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Láti ọjọ́ 26 títí di 28 ni àgbá ń dún, iná sì jó ilé púpọ̀. Nítorí ìró àgbá náà ni àwọn ará Èkó fi ń pe ogun yẹn ní ogun Àgídìngbì. Àwọn mìíràn ń pè é ní Ahóyaya. Kòsọ́kọ́ sá lóru pẹ̀lú àwọn olóyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n tẹ̀dó sí, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú àṣẹ Awùjalẹ̀.

Báyìí ni ará Èkó ṣe di àlejò. Ní Ẹ̀pẹ́ wọ́n bá Ìjẹ̀bú nílé, àwọn apẹja àti àgbẹ̀ tí wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Èkó kò kúrò lọ́kàn àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí: ní 1853 wọ́n gbógun padà lọ síbẹ̀, kò bọ́ sí i. Ní 28 September 1854, Kòsọ́kọ́ bá kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ pé òun kò ní bá Èkó jà mọ́. Àárò kan yìí, tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn balẹ̀, ni onílé ń wò lójoojúmọ́. Ta ni yóò fẹ́ràn àlejò tó ń sùn sí ilé rẹ̀ tó sì ń fi gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu sọ pé ilé òun dára ju èyí lọ? Nígbà tó di 1862, lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní 1861, wọ́n gba Kòsọ́kọ́ láàyè láti padà, Èkó ni ó sì kú sí ní 1872.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló bá a padà. Àwọn tó dúró ni wọ́n ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́ títí di òní, àwọn onílé sì ni Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Ó ti lé ní 170 ọdún, ọba méjì ṣì wà ní ìlú náà, Ọlọ́jà àti Olú Ẹ̀pẹ́, àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ sì ń ṣe ọdún Káyòkáyò lọ́dọọdún láti fi rántí ìgbà tí Kòsọ́kọ́ dé. Èdèkòyédè lórí ilẹ̀ àti oyè ti wà láàrin wọn, wọ́n sì ti fẹ́ ọmọ ara wọn títí tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ló ní ìbátan ní ìhà méjèèjì.

Àwọn tó padà sí Èkó ńkọ́? Olóyè Oṣòdì Tápà kó wọn lọ sí ilẹ̀ kan lórí erékùṣù, wọ́n sì ń pe ibẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. (Ibẹ̀ kan náà ni Olóyè M. K. O. Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní 11 June 1994.) Màmá wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Ní Ẹ̀pẹ́, ará Èkó ni wọ́n pe àwọn baba ìyá mi. Nígbà tí wọ́n padà délé, ará Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n pè wọ́n. Ìyá ìyá mi, Ẹ̀pẹ́ ni ó máa ń fi gbogbo ẹnu sọ. Ẹja Ẹ̀pẹ́ ló dùn, omi Ẹ̀pẹ́ ló mọ́. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́."

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Díákónì ni wọ́n kọ́kọ́ fọ́hùn. "Màmá, ẹ jẹ́ kó yé mi. Àgídìngbì ló lé àwọn baba ìyá yín kúrò l'Ékòó, ẹ wá kó ẹrù lọ bá Àgídìngbì nílé rẹ̀?" Màmá kọ́kọ́ pa ojú dé bí ẹni tí inú ń bí, ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi mú ẹ̀gbẹ́ dání.

Nígbà tó ṣe, Màmá tọrọ gáfárà fún ọ̀rọ̀ igbó. Díákónì náà tọrọ gáfárà pé àwọn ní kí Màmá padà. A kò fi kún un, a kò sì yọ kúrò. Àdúrà kúkúrú la gbà, lẹ́yìn náà ni Olùṣọ́-àgùntàn, tí wọ́n ti dé bá wa níbẹ̀, ka Ẹ́sírà orí kẹta sí etígbọ̀ọ́ wa. Nígbà tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ tẹ́ńpìlì kejì lélẹ̀, àwọn àgbà tó ti rí tẹ́ńpìlì ti àkọ́kọ́ sunkún kíkan, àwọn tó kù ń hó ìhó ayọ̀, àwọn ènìyàn kò sì lè fi ìró ẹkún mọ̀ yàtọ̀ sí ti ayọ̀. Olùṣọ́-àgùntàn ní kí a wá a kiri nínú orí náà bí a bá rí ibi tí Ọlọ́run ti bá àwọn àgbà náà wí nítorí ẹkún wọn. A wá a. Kò sí. Wọ́n tún ní Sódómù ni aya Lọ́ọ̀tì bojú wò, ìlú tí Olúwa ti dá lẹ́jọ́, tí áńgẹ́lì sì ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má wẹ̀yìn. Ta ló sọ fún wa pé Sódómù ni iwájú ilé tí ìyá àgbà kan ti ń ta aṣọ? Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá wí nínú wa kò gbé orí sókè. Bákan náà ni wọ́n mẹ́nu kan Jeremáyà 29, níbi tí Olúwa ti rán ìwé sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà. Díákónì ní àwọn fẹ́ràn ibẹ̀, ṣùgbọ́n kí Olùṣọ́-àgùntàn má pe Àgídìngbì ní Bábílónì lórí pẹpẹ o.

Màmá wá sí ìpàdé ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé wọ́n ti yí padà, irọ́ ni. Bí wọ́n bá ń lọ sí ọjà Balógun, "Mò ń lọ s'Ékòó" náà ni wọ́n ṣì ń sọ, àwọn ọmọ-ọmọ Díákónì sì ti ń sín wọn jẹ. Díákónì, ní tiwọn, ti mú àwọn ọ̀dọ́ ìjọ rin ọ̀nà tí wọ́n mú wa rìn, wọ́n fi ibi tí igi obì mẹ́rin wà hàn wọ́n, Màmá sì wà lára àwọn tó rìn ín, pẹ̀lú agboòrùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìsìnkú. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, a fi ọgbọ́n bi Màmá bóyá ọkàn wọn ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní ó wà níbẹ̀ digbí: itẹ́ òkú Àtàn ni, níbi tí ìyá wọn wà, l'Ékòó. Díákónì tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ wọn rọra ṣí fìlà. "Màmá, ẹ má bínú. Yábàá ni Àtàn wà. Kò sí ní erékùṣù. Ìhà afárá tiwa níbí ló wà, ilẹ̀ Àwórì ni."

Màmá wo Díákónì, wọ́n wò wá, wọ́n tún wo Díákónì. "Ẹ gbé oúnjẹ yẹn wá," wọ́n ké sí ọmọ wọn nínú kíṣìnì, "àwọn àlejò fẹ́ máa lọ."